Lẹ́tà sí ẹni tó ṣa orin Black Sabbath jọ ní 1975

Sí ẹ̀yin tí a kò mọ̀ ara wa rí,

Ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ NEMS gbé We Sold Our Soul for Rock 'n' Roll jáde ní Ìlú Ọba lóṣù Kejìlá 1975, àwo méjì nínú páálí kan, ẹnì kan ti ní láti jókòó ti àwo mẹ́fà tí Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe, kí ó sì pinnu èyí tí yóò wọlé. Ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí. Àwọn olórin náà ní wọn kò gbọ́ sí i kí àwo náà tó jáde. Ọmọ òṣìṣẹ́ láti Aston ní Birmingham ni Ozzy Osbourne, Tony Iommi, Geezer Butler àti Bill Ward. Ọmọ ọdún 17 ni Iommi nígbà tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ irin gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tí òun tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì fi ń tẹ okùn jìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe orí ìka fún ara rẹ̀, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá ó dẹ okùn náà kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ara ibẹ̀ ni ohùn wíwúwo tí àwọn ẹgbẹ́ heavy metal, ìyẹn orin jìtá líle, ń lò lónìí ti wá. Ó yẹ kí ẹ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè.

Síbẹ̀, etí yín mọ orin. Ẹ fi òjò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ààrá bẹ̀rẹ̀, bí àwo àkọ́kọ́ wọn ní 1970 ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ní ojú kẹta nínú ojú mẹ́rin àwo náà ni mo ti gbà fún yín pátápátá: «Changes» ń lọ pẹ̀lú dùùrù, kò sí ìlù níbẹ̀ rárá, Ozzy ń dárò ìfẹ́ tó túká, àfi lójijì tí Iommi wúkọ́, tí ikọ́ náà ń tún ara rẹ̀ wí, tí jìtá «Sweet Leaf» sì já wọlé. Lórí àwo tiwọn, orin méjèèjì kò sí nítòsí ara wọn. Ẹ̀yin lẹ fi wọ́n ṣe aládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ «Warning» ni n kò lè gbé mì. Orin ẹlòmíràn ni wọ́n tún kọ, ó sì gùn bí ìwàásù ọjọ́ Àìkú, ẹ wá fún un láàyè, nígbà tí ẹ mú ẹyọ orin kan péré nínú Sabotage, àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn. «Symptom of the Universe» wà ńlẹ̀, ẹ fò ó dá!

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2025, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré ìdágbére ní Villa Park, nínú Aston kan náà, Ozzy jókòó sórí àga ọba, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kú. Orin mẹ́rin ni wọ́n kọ: «War Pigs», «N.I.B.», «Iron Man» àti «Paranoid». Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú àwo tí ẹ kò bi wọ́n léèrè kí ẹ tó tò. Mo gbà fún yín lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ «Warning» kúrò.

Èmi ni,
Olólùfẹ́ orin yín