Àbẹ̀kẹ́, má tíì fún bàbá yẹn lówó

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ voice note ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ kalẹ̀. O ní físà Graduate ẹ, èyí tó o gbà lẹ́yìn yunifásítì, ku oṣù mẹ́ta, pé bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Sheffield á bá ẹ ṣe Skilled Worker, físà àwọn òṣìṣẹ́, £1,500 lowó iṣẹ́ ẹ̀, ó sì tún mọ ibi tí wọ́n ti lè ta CoS fún ẹ, ìyẹn ìwé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọrọ físà Skilled Worker yẹn. Jọ̀ọ́, má tíì san kọ́bọ̀.

Mi ò sọ eléyìí fún ẹ rí. Lọ́dún 2009, ìwọ ṣì wà ní praimárì nílé nígbà yẹn, mo fún ọkùnrin kan ní £800 ní Peckham, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onírun ló ń jókòó sí, Yorùbá ló ń bá mi sọ, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó tiẹ̀ mọ àdúgbò wa n'Íjẹ̀bú-Igbó, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe bi í léèrè nǹkan kan. Ó gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó ní òun ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Irọ́ ni. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, físà mi ti kú, òun náà ti kó kúrò níbẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá mi kú. Orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ orin níbi òkú ìyá mi, torí tí mo bá lọ, mi ò ní lè padà wọlé mọ́. Ìwọ àti mọ́mì ẹ wà nínú fọ́tò ìsìnkú yẹn, èmi ò sí níbẹ̀, o ti bi mí rí, mo ní ibi iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n wá.

Mi ò ní bàbá yẹn ò dáa o. Ó lè máa gbàdúrà fún ẹ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n àdúrà yàtọ̀ sí ká mọ òfin. Níbí ní UK, ẹni tó bá máa fi ọ̀rọ̀ Home Office, àwọn ìjọba tó ń fúnni ní físà, ṣiṣẹ́ ṣe, àfi kó jẹ́ lọ́yà, tàbí kórúkọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àjọ tó ń mójú tó àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí físà, àwọn tó ń jẹ́ OISC kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní January 2025. Òfin immigration UK ti ọdún 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí ẹ̀. Gba orúkọ ẹ̀ ní kíkún, kó o wò ó fúnra ẹ lórí gov.uk, má wo ti sátífíkéètì tó gbé kọ́ ògiri. Wo level ẹ̀ náà: Level 1 lè bá ẹ ṣe fọ́ọ̀mù tí ò ní wàhálà nínú, àmọ́ tọ́rọ̀ bá di ápíìlì, Level 3 ló lè bá ẹ dúró níwájú adájọ́.

CoS yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà ẹ́ síṣẹ́ ló ń fúnni, wọn kì í tà á. Home Office ní list àwọn tó láṣẹ láti ṣe sponsor, wò ó níbẹ̀. Tí kò bá sì síṣẹ́ gidi tí wàá máa lọ ṣe, irọ́ lò ń kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, tí wọ́n bá ká a mọ́ ẹ lọ́wọ́ wọ́n lè dínà mọ́ ẹ fún ọdún 10, ìwọ lorúkọ ẹ wà níbẹ̀, kì í ṣe òun.

Ẹni yòówù tó bá bá ẹ ṣe é, ímeèlì tìẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ka gbogbo ẹ̀ kó o tó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, gba rìsíìtì, ẹni tó bá sì ní ó dájú pé wọ́n á fún ẹ, sá fún un. Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọjọ́ lé ẹ eré, tí fọ́ọ̀mù bá ti wọlé kí físà tó parí, o ṣì wà lábẹ́ òfin títí wọ́n á fi dá ẹ lóhùn, ṣáà má jáde nílùú.

Mo ti gba ọjọ́ Friday sílẹ̀ níbi iṣẹ́, màá wọ train àárọ̀ wá, ká jọ lọ rí lọ́yà, èmi ni màá sanwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí pásípọ́ọ̀tù ẹ bá ti wà lọ́wọ́ bàbá yẹn, lọ gbà á lónìí, kó o pè mí tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, bó ṣe wù kílẹ̀ ti ṣú tó.

Dádì ẹ