Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Àwọn tí ẹ jọ jáde ilé-ìwé girama

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní láti 2014 tí ẹ ti ṣe WAEC, ẹ ti tú káàkiri: àwọn kan wà ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Èkó, àwọn mìíràn ti já pa lọ sí Kánádà, o sì fẹ́ mọ bí o ṣe lè máa gbúròó wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ ni pé kí o má gbára lé gúrúùpù WhatsApp. Ó dára fún ìkéde, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn kì í sọ ọ́ lójú ọgọ́ta èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o máa mọ̀ wọ́n.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan. Ojú ewé kan ni kí o fún ẹnì kan, má fún wọn ní ìlà kan, torí nọ́ńbà á yí, àdírẹ́sì á yí, ìlà náà á kún. Kọ orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà nígbà náà, orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ìnagijẹ, kíláàsì, nọ́ńbà ìpè àti nọ́ńbà WhatsApp lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìlú, ọjọ́ ìbí (má béèrè ọdún). Lẹ́yìn náà, kọ nọ́ńbà ẹbí kan tí kì í kúrò nílé: ìyá, ẹ̀gbọ́n àgbà, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tajà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, òun gan-an ló sì wúlò jù.

Ìdí ni pé líìnì máa ń kú. Bí èèyàn ò bá fi líìnì rẹ̀ ṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé fún iléeṣẹ́ fóònù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó lọ sí Kánádà kì í rántí líìnì ilé. Ìgbà tó bá fi máa rántí, ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ ti ń fi pe àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, sọ fún un kó ṣe é lórí WhatsApp kí líìnì àtijọ́ tó kú: kó wọ Settings, kó tẹ Account, kó tẹ Change number. Àwọn gúrúùpù rẹ̀ á bá a lọ. Àwọn tó kàn ń ṣí tuntun láìsọ fẹ́nì kan la máa ń wá kiri.

Ní ti àwọn tó ti sọnù, orúkọ ló sábà máa ń dínà. Obìnrin ti gba orúkọ ọkọ. Ifáṣọlá ti di Jésùṣọlá lẹ́yìn tó di àtúnbí. Ẹni tí ẹ ń pè ní Dàmọ́lá lè jẹ́ Abdul-Lateef níbi iṣẹ́. Bí o bá ń wá obìnrin lórí Facebook, wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, torí orúkọ ìdílé wà lára wọn síbẹ̀, kí o sì yẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò. LinkedIn, ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́, ni wàá ti rí orúkọ inú ìwé ẹ̀rí. Instagram, ìnagijẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí òfo, padà sí àdúgbò tí wọ́n ń gbé nígbà yẹn, kí o béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà nítòsí. Ìyá ọlọ́jà mọ ohun tí Facebook ò mọ̀.

Tí o bá rí nọ́ńbà, má kọ "Ṣé o mọ̀ mí?" tàbí "Ta lo rò pé mo jẹ́?". Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ mẹ́ta kan o! Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni, SS3B, tí mo máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Kẹ́mi ló fún mi ní nọ́ńbà yìí. Mi ò ta nǹkan kan, mo kàn ní kí n kí ẹ ni." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá ti pẹ́ tí wọn ò gbúròó rẹ̀, wọ́n á rò pé owó ló fẹ́ yá tàbí òwò ló fẹ́ fà wọ́n sí.

Má béèrè ọkọ, má béèrè ọmọ, má béèrè iṣẹ́. "Ọmọ mélòó ló ti wà nílẹ̀?" lè bá ẹni tó ti ń wojú Olúwa láti ọdún mẹ́fà. "Màmá ńkọ́?" náà, wádìí kí o tó béèrè. Sọ tìrẹ díẹ̀, kí o sì dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ tirẹ̀ á sọ. Ọkùnrin tó ti níyàwó, ọ̀sán ni kí o pè é. Bí ìyàwó bá gbé e, kí i dáadáa, sọ orúkọ rẹ àti ilé-ìwé yín kí o tó béèrè ọkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ 60, tí o ń pe ẹni méjì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ lo máa fi kárí. Ọ̀sẹ̀ 22 á ṣẹ́ kù lọ́dún fún àwọn tí kò gbé e. Ohùn ni kí o fi pè, má fi sítátọ́ọ̀sì ṣe ìròyìn. Wákàtí 24 ló ń gbé, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí o rí ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń lé èèyàn. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, rọ̀ wọ́n kí olówó àti ẹni tí kò ní máa dá iye kan náà, kó sì kéré. ₦500 lóṣù lọ́wọ́ ẹni 60 jẹ́ ₦360,000 lọ́dún. Bí ẹ bá ń fún ẹni tí òbí rẹ̀ kú ní ₦50,000, ó kárí ẹni méje, ó sì ku ₦10,000. Kí owó wà ní àkáǹtì tó nílò ìbuwọ́lù ẹni méjì, kò gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì akápò fúnra rẹ̀. Gbé àpapọ̀ owó àti iye tó kù sórí gúrúùpù, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n to orúkọ àti iye tí kálukú san síbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta kì í ṣàlàyé. Á kàn rọra yọ kúrò ní òru. Tí o bá rí i pé ẹnì kan yọ, pè é lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Má bi í pé kí ló dé tó fi kúrò. Iṣẹ́ lè ti bọ́, ilé lè ti dàrú. Kí i, kí o sì gbọ́.

Òkú olókùú, má túfọ̀ rẹ̀. Bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan nínú yín kú, pe nọ́ńbà ẹbí tó wà nínú ìwé rẹ, kí o jẹ́ kí àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ kéde.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ránṣẹ́ pé kí o fi nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ ránṣẹ́ sí òun, tàbí kí o yá òun lówó kíá, àwọn gbájúẹ̀ ti gba WhatsApp rẹ̀ nìyẹn. Fi líìnì lásán pè é, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀, kí o sì rí i pé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì. Tìrẹ náà, lọ tan Two-step verification lórí WhatsApp lónìí, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí ìwọ nìkan mọ̀, kí ẹlòmíràn má baà rí i gbà.

Ìgbéyàwó tí o ní ẹ fẹ́ lọ lóṣù tó ń bọ̀, mú ìwé náà lọ. Ẹni tó bá fún ọ ní nọ́ńbà, flash rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ ò bá dún, nọ́ńbà kan ti ṣì. Tún un kọ kó tó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ