Kafé Ní Ọ̀sán, Ó Sì Ní Òru

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ọmọ Yahoo, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. Mo kà á dé ìparí, inú mi ò sì dùn. Ohun tí ẹ kọ nípa olè àti jìbìtì, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ẹ̀. Ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní ilé ẹ̀kọ́ olè ni gbogbo sàíbà kafé, ibi tí èèyàn ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì, nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà ló dùn mí. Ó tún wá fi kún un pé ìgbà tí fóònù GSM dé lọ́dún 2001 la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní pè é ní òpùrọ́. Ọmọdé ni, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọn ò tíì máa rán an níṣẹ́ nígbà tí à ń wí yìí.

Èmi wà níbẹ̀. Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, ni mo ti ṣiṣẹ́ ní kafé, kí n tó lọ́kọ àti lẹ́yìn tí mo lọ́kọ. Èmi ni mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mò ń tan jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mò ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà.

Kí GSM tó dé rárá la ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ n'Íbàdàn. Business centre la máa ń lọ nígbà náà. Ẹ ó bá fóònù NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, níbẹ̀, ẹ̀rọ fáàsì, ẹ̀rọ fótókópì, àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ léèsì bò lórí bí ìyàwó tuntun. Àdírẹ́sì ímeèlì kan ni gbogbo àdúgbò ń lò. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé, ẹ ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́, òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Tó bá di àṣálẹ́ tí ojú ìlà NITEL fúyẹ́ díẹ̀, á wá fi ránṣẹ́. Modem, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ìlà fóònù, á kọ́kọ́ han, á kùn, á tún han, bí ìlà bá sì já, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí A. Bí èsì bá dé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á ká a, wọ́n á kọ orúkọ yín sẹ́yìn ẹ̀, ẹ ó sì sanwó lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé ọwọ́ yín, akọ̀wé ti mọ ẹni tó lóyún ní London, ó ti mọ ẹni tí wọ́n dá padà láti Jámánì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àṣírí àdúgbò nígbà náà, kó lọ bá akọ̀wé business centre ṣọ̀rẹ́.

Ibi tí mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà fúnra mi, ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà. Olùkọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ò fẹ́ràn eruku. Éá-kondíṣọ́nnà ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà, nígbà tí fáànù ò sí ní yàrá tí àwa èèyàn ti ń gba ẹ̀kọ́. Ẹni mẹ́ta la máa ń pín kọ̀ǹpútà kan, Windows 95 ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì kàn á máa tẹ kíbọ́ọ̀dù tó fi báírò yà sórí páálí, á máa ka lẹ́tà sínú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mi ò wo kíbọ́ọ̀dù kí n tó tẹ̀wé títí dòní, páálí yẹn ni.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra kọ̀ǹpútà tọ́kúnbọ̀ kan ní Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà, níbi tí wọ́n ń pè ní Computer Village. Orí itan ló gbé mọ́níto yẹn lé láti Èkó dé Ìbàdàn, kò jẹ́ kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ gbé e sí búùtù. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ la fi ń ṣe nílé, a ò ní fóònù. Géèmù káàdì la fi ń ta, a sì ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tẹ ìwé ètò ìsìnkú. NEPA ni ọ̀tá wa. Ẹ ó ti tẹ̀wé dé àárín, iná á lọ, iṣẹ́ á bá a lọ. Bí iná bá tún dé, kọ̀ǹpútà ò ní ṣí tààrà. Ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ di búlúù, á ní òun fẹ́ ṣe ScanDisk, á máa fi ìlà kékeré kan rìn díẹ̀díẹ̀, a ó sì jókòó tì í, a ó máa bẹ Ọlọ́run kí NEPA má tún mú un lọ kó tó parí. Ìgbà míì, wọ́n á mú un lọ.

Mo gùn ún jù, ẹ má bínú. Kafé ni mo fẹ́ sọ.

Kafé tí mo ti ṣiṣẹ́, díìṣì ńlá kan wà lórí òrùlé ẹ̀ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara sátẹ́láìtì. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀rù á máa bà wá, torí tó bá rọ̀ dáadáa, network á lọ. Ìwọ̀nba íntánẹ́ẹ̀tì tí díìṣì yẹn ń gbé wá, gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá ló ń pín in. Bí ọmọ kan bá ń gba orin sílẹ̀ ní kọ́nà, gbogbo ilé á dúró sójú kan, ẹnì kan á wá pariwo pé, "Ta ló ń download níbẹ̀ yẹn?" Ọgọ́rùn-ún náírà ni wákàtí kan nígbà tí mo wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì pélébé la máa ń tà, orúkọ àti password ló wà lára ẹ̀. Bí àkókò bá pé, kọ̀ǹpútà á tì pa fúnra ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wù kó wà lẹ́nu yín.

Àwọn wo ló ń wá lọ́sàn-án? Ìyẹn gan-an ni òǹkọ̀wé yín ò béèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ U.I. tó ń wá ìwé fún project wọn ń wá, pẹ̀lú flópì tí kò lè gba ju 1.44 megabyte lọ. Ẹni tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lókè òkun ń wá. Nígbà tí JAMB àti WAEC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èsì ìdánwò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn bàbá á mú káàdì tí wọ́n máa ń ha wá. Wọ́n á fi kọ́bọ̀ ha á pẹ̀lú ìbínú títí nọ́ńbà inú ẹ̀ á fi bó, wọ́n á wá ní kí n bá àwọn mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń rí máàkì ọmọ wọn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú, kí bàbá má bàa kà á lójú mi kí n tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má gbàgbé fíísà lọ́tìrì Amẹ́ríkà. Lẹ́tà la fi ń ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní pósí ọ́fíìsì Dùgbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2003, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gbà á. Háà! Èrò! Àwọn tí kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí, ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Ìdílé á dé tọmọtọmọ, wọ́n á wọ aṣọ ọdún wá ya fótò. Fótò ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí dé ọmọ ọwọ́, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n dá lọ, nítorí náà mo máa ń dín in kù títí ojú èèyàn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá mọ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀fẹ́ ni nígbà náà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó fótò la ń gbà, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nàìjíríà ò sí nínú lọ́tìrì náà mọ́ láti bí ọdún mélòó kan, àmọ́ mo mọ àwọn tó ti ibẹ̀ lọ.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn màmá. Tẹ́lẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbohùn sí, tí wọ́n á fi rán ẹni tó ń lọ sí London. Màmá kan wà tó ń ta ẹ̀kọ ní ọjà Bódìjà, ọmọ ẹ̀ ń gbé ní Peckham. Bí wọ́n bá dé, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, mo á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wọn, màá wá máa tẹ̀ ẹ́.

"Kọ ọ́ sí i pé mo kí Àjàní."

"Mo ti kọ ọ́, Mà."

"Mo kí ìyàwó ẹ̀. Mo kí ọmọ. Ṣé ọmọ ò ní ikọ́ mọ́? Mo kí àna mi. Kọ ọ́ sí i pé Bàbá Àdúgbò kí i, wọ́n ní kó má gbàgbé àwọn."

"Mà, àkókò ti ń lọ o, ẹ jẹ́ ká sọ tòrùlé."

"Wọ́n kì í kánjú kí èèyàn, ọmọ mi."

Ìkíni á gba tíkẹ́ẹ̀tì tán, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò á kù síta, a ó tún ra òmíràn. Lẹ́tà yẹn ò ní àmì ohùn kankan o, ẹ àti ọ ò sì ní àmì nísàlẹ̀, torí kò sí wọn lórí kíbọ́ọ̀dù wa. Àjàní ń kà á bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti fi ránṣẹ́ tán, Màmá á ní, "Ṣé ó ti dé ọwọ́ ẹ̀?" Màá ní ó ti dé. "Kí ló wá dé tí kò tíì dáhùn?" Wọ́n á fìdí lé bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa retí.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa ra kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń gbé sórí mọ́níto, Màmá yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Orí Yahoo Messenger ni, tí wọ́n ti pa ní 2018. Fótò Àjàní jáde, ó ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń dúró, ó ń rìn. Bó ṣe rí ìyá ẹ̀ báyìí, ó dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tó dọ̀bálẹ̀, a ò rí i mọ́. Àga òfo àti ògiri ló kù. Màmá fò dìde, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mú, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ẹ̀: "Níbo ló gbà? Àjàní! Níbo lẹ gbé e lọ?" Gbogbo kafé ló yí wa ká. Nígbà tó tún dìde tí orí ẹ̀ yọ, àwọn ọmọ U.I. pàtẹ́wọ́.

Ẹ sọ fún mi, olè wo là ń kọ́ níbẹ̀?

Mi ò ní kí n má sọ ti òru. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé mẹ́fà ìdájí ni tíkẹ́ẹ̀tì overnight, owó ẹ̀ rọjú, network sì ń sáré. Àwọn ọmọ Yahoo ń wá lóòótọ́. Kọ́nà ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á kọ ojú mọ́níto sí ògiri. A lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri pé a ò fẹ́ jìbìtì níbí, abẹ́ ìkìlọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń jókòó sí. Àmọ́ ẹni tó ń kọ ìwé àṣekágbá ẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi búrẹ́dì àti omi pọ́ọ̀ wotà ṣe oúnjẹ alẹ́. Bí àwọn agbófinró bá ya wọlé lóru, gbogbo wọn ni wọ́n ń kó, oníwèé àti onígbàjúẹ̀. Ìwé ìròyìn á wá gbé e lọ́jọ́ kejì pé wọ́n mú ọmọ Yahoo méjìlélógún. Òru nìkan làwọn oníròyìn ń wá, báyìí ni ìtàn kafé ṣe di ìtàn òru nìkan.

Lọ́dún 2006, òfin tó lòdì sí 419 pàṣẹ pé kí gbogbo oníkafé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì. Ìyẹn kọ́ ló pa wá. Owó dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ló pa wá, fóònù ló sì sin wá. Modem kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká dé, BlackBerry dé, Màmá ẹlẹ́kọ náà ra fóònù tó ń gbé ojú ọmọ ẹ̀ wá sórí àtẹ ẹ̀kọ. Ta ni yóò tún sanwó wákàtí?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ fún wa ní ojú ewé kan, kí àwọn tó ṣe kafé àti business centre ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo, ní Àkúrẹ́, sọ tẹnu wọn. Ọ̀gá mi àtijọ́ ṣì wà láyé, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, àmọ́ ọpọlọ wọn pé. Mo ṣì ní ìwé tí a máa ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá rán akọ̀ròyìn yín wá, màá gbé e jáde fún un, àyàfi pé mi ò ní jẹ́ kó tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kó wá lọ́sàn-án. Bí ẹ bá sì máa gbé fótò sí i, ẹ má lo ti ọmọkùnrin tó fi fìlà bo ojú níwájú kọ̀ǹpútà yẹn mọ́, ẹ ti lò ó tó.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá Ìbejì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.