Kíkan kọ́ ni àbùkù bíà oníṣẹ́rì yẹn

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí akọ̀wé ojú ìwé ohun mímu yín kọ nípa bíà búráùn tí wọ́n fi pamọ́ sínú àgbá igi óákù pẹ̀lú èso pupa kékeré ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rì. Ó ní ó kan, ó ní kò dùn, ó ní àfi bí ẹni pé ó ti bàjẹ́ kí òun tó ṣí i. Ó wá fún un ní máàkì méjì nínú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n bá ọtí náà rojọ́, nítorí kò lẹ́nu tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó pọn ọn ló fẹ́ kí ó kan. Nígbà tí ìwúkàrà tí gbogbo apọntí ń lò bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n á tún kó àwọn mìíràn wọlé: bakitéríà Lactobacillus àti Pediococcus, pẹ̀lú ìwúkàrà alágídí kan tó ń jẹ́ Brettanomyces. Àwọn bakitéríà yìí ló ń sọ ṣúgà di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú yógọ́ọ̀tì. Họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, a sì máa dí Lactobacillus lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kó o sí i púpọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìkorò bíà tó ti mọ́ ọn lára nínú ìgò yìí, yóò wá a tì.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́rì gan-an ló mú mi gbé kálàmù. Akọ̀wé yín béèrè pé ṣẹ́rì ọ̀hún dà, nítorí pé kò gbọ́ adùn lẹ́nu. Níbo ni adùn yóò ti wá? Ṣẹ́rì tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ti kan láti orí igi, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń jù sẹ́nu ṣeré. Ọ̀pọ̀ oṣù ló sì máa ń lò nínú àgbá. Brettanomyces kì í kánjú, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù: díẹ̀díẹ̀ ni yóò jẹ ṣúgà inú èso náà títí kò fi ní sí èyí tí ahọ́n lè mọ̀. Ohun tí ṣẹ́rì ń fi sílẹ̀ ni òórùn rẹ̀, àwọ̀ pupa rẹ̀, èèpo rẹ̀ tó ń fún ahọ́n pọ̀, àti nǹkan kan tó ń ti inú kóró rẹ̀ jáde, tó ń ta sánsán bí álímọ́ńdì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fi ṣúgà tàbí omi èso dídùn kún tiwọn kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ó ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, èmi kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì yẹ kí a máa fi adùn ọ̀kan dá èkejì lẹ́jọ́.

Supplication ni mo mọ̀ jù nínú àwọn tí kò ládùn yìí. Russian River, ilé iṣẹ́ ọtí kan ní Kalifóníà, ló ń pọn ọn. Àgbá tí wáìnì Pinot Noir ti gbé inú rẹ̀ rí ni wọ́n ń lò, bíi ọdún kan ni bíà ń lò níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́rì, agbára ọtí inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 7 nínú 100. Èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ṣí ìgò kan. Kíkan ló kọ́kọ́ dé, ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, ó sì mú. Lẹ́yìn náà ni ṣẹ́rì yọjú, pẹ̀lú òórùn fàníláà díẹ̀ láti ara igi. Nígbà tí mo gbé e mì, ẹnu mi gbẹ bí ẹni pé wáìnì pupa ni mo mu. Àbúrò mi fa ojú ro, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ yín?” Kò fẹ́ràn rẹ̀ títí ìgò fi tán. Síbẹ̀ òun ló sọ pé òun ń gbọ́ òórùn awọ bàtà tuntun níbẹ̀, èmi kò tilẹ̀ tíì gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ Brettanomyces nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan, tó sì tún sọ bí ó ṣe rí gan-an, ni mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn máa rán níṣẹ́ báyìí.

Akọ̀wé yín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tútù nini láti inú fíríìjì ni òun mu ún. Òtútù a máa pa òórùn, kò sì ní pa kíkan. Kí ó gbé e kalẹ̀ títí yóò fi tó bíi ìwọ̀n 12 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí ó bu díẹ̀ sínú ife tí ikùn rẹ̀ tóbi, kí ó fi imú mu ún kí ẹnu tó kàn án.

Ó tún pè é ní àṣà tuntun àwọn ará Amẹ́ríkà. Rárá o. Ní Roeselare, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilé iṣẹ́ Rodenbach ti wà láti ọdún 1821. Ọdún méjì ni bíà wọn máa ń lò nínú àwọn àgbá óákù tó ga ju èèyàn lọ, kí wọ́n tó fi èyí tó ti gbó lú èyí tó ṣì kéré. Ní 1986, wọ́n gbé ọ̀kan tó ní ṣẹ́rì jáde, wọ́n sì fi orúkọ Alexander Rodenbach pè é, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, afọ́jú tó tún di aṣòfin. Amẹ́ríkà kọ́ ọ ni.

Mi ò sọ pé bíà kíkan kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ àgbá jù, fínígà ni yóò máa gún èèyàn nímú, ó sì lè máa rùn bí omi tí wọ́n fi ń pa kíútẹ́ẹ̀sì rẹ́ lára èékánná. Bí akọ̀wé yín bá gbọ́ òórùn yẹn, kí ó kọ ọ́ síta, èmi náà yóò sọ pé kí wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nípa òórùn nínú gbogbo ohun tó kọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ máa sọ fún wa bóyá wọ́n fi ṣúgà sí i, bí ó ṣe tutù tó nígbà tí ẹ mu ún, àti ohun tí imú gbọ́, kí máàkì tó tẹ̀ lé e. Bí akọ̀wé yín bá tún un mu bẹ́ẹ̀, tó tún fún un ní méjì, mi ò ní kọ lẹ́tà mìíràn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́