Ẹni tó ya jẹ́sì yẹ́lò Brazil, Uruguay ló ń ṣe o

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa jẹ́sì Brazil lójú ewé eré ìdárayá, ó dùn-ún kà, àmọ́ ibi tí ẹ ti ní yẹ́lò yẹn ti wà lọ́rùn wọn látìbẹ̀rẹ̀, rárá o. Funfun ni wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, tòun ti kọ́là búlúù. Funfun yẹn náà ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ 16 oṣù keje 1950 ní pápá Maracanã, ọ̀mì lásán tó wọn láti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nílé ara wọn, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, ni Uruguay bá dá a padà, ìgbà tó di ìṣẹ́jú 79 ni Ghiggia, agbábọ́ọ̀lù Uruguay, sá gba ọ̀tún wọlé, ó gbá a gba àárín gólì àti òpó, 2-1, ni gbogbo pápá bá pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń bínú sí jẹ́sì, wọ́n ní funfun ò jọ ti Brazil (aṣọ ló wá gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún?).

Lọ́dún 1953 ni ìwé ìròyìn Correio da Manhã ní káwọn èèyàn wá ya òmíì, ṣùgbọ́n gbogbo àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú àsíá gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, ìyẹn ló le jù. Aldyr Schlee ló gbégbá orókè, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jaguarão, odò ló pààlà láàárín ìlú yẹn àti Uruguay, Uruguay gan-an lọkàn ẹ̀ sì wà tó bá di ti bọ́ọ̀lù! Ó fi yẹ́lò ṣe ẹ̀wù, ó fi gíríìnì gba ọrùn àti etí apá, búlúù ni ṣòkòtò péńpé, ó wá fa funfun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ kedere bíi ti ẹyẹ kánárì ni, kò fà sí ọsàn rárá. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́dún 1954.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọn ò wọ yẹ́lò gba ife àkọ́kọ́ wọn. Sweden tí wọ́n jọ wọ àṣekágbá 1958 náà ń wọ yẹ́lò, ni wọ́n bá sáré lọ ra búlúù nígboro, wọ́n tú báàjì kúrò lára ti tẹ́lẹ̀, wọ́n rán an mọ́ ọn, wọ́n sì na Sweden 5-2. Ọdún 1970 ni yẹ́lò wá wọ aráyé lójú, torí ìgbà yẹn ni ife àgbáyé kọ́kọ́ dé orí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀.

Ní báyìí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bolsonaro, ààrẹ Brazil tẹ́lẹ̀, ti sọ ọ́ di aṣọ ẹgbẹ́, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ya bo ilé ìjọba ní Brasília ní January 2023 wọ̀, làwọn míì bá ní àwọn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Lójú tèmi, wọn ò ṣe é re, ṣé olóṣèlú ló yà á ni? Oṣù kọkànlá 2018 ni Schlee kú, nígbà tó ku ọ̀la kí Brazil àti Uruguay pàdé. Tí ẹ bá tún máa gbé fọ́tò jẹ́sì yẹn jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Èmi ni, òǹkàwé yín.