Kọ̀ǹpútà nìkan kò tó fún ilé ìwé ìgbèríko

Sí Olóòtú,

Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ pé wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ilé ìwé ìgbèríko, ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé ni ọ̀pọ̀ olóore ń kà sí òpin iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè Peru pín kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lé ní 800,000 fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Síbẹ̀, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2012 kò rí i pé ìmọ̀ ìṣirò tàbí ti èdè wọn gbé pẹ́ẹ́lí sí i.

Olùkọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí. Olùkọ́ tí ẹ̀rù ń bà láti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yóò tì í mọ́ inú kọ́ńbọ́ọ̀dù, eruku yóò sì bò ó. Àìsí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àwáwí, nítorí ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, bí a bá ti kó o sórí ẹ̀rọ ṣáájú. Agbára oòrùn náà lè gbé kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, tí kì í jẹ iná púpọ̀.

Mo bẹ ìjọba àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú pé kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ẹni tí yóò san owó bátìrì tuntun, àti iye wákàtí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, yóò máa lò nídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín