Lẹ́tà sí Rùkáyá lórí ìdílé Makhzum

Rùkáyá ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìjọsí tó o bi mí lórí fóònù pé ṣé lóòótọ́ ni Abu Jahl, ọ̀tá Ànábì Muhammad, àti Khalid ibn al-Walid, jagunjagun ńlá Ìsìláàmù yẹn, jọ tan, nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Wọ́n tan o. Banu Makhzum ni wọ́n, agbo ilé ńlá nínú ẹ̀yà Kùráéṣì ní Mẹ́kà, bàbá-bàbá kan náà ni wọ́n ní, al-Mughira. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ ilé wọn obìnrin, Umm Salama, òun náà ọmọ-ọmọ al-Mughira ni. Òun àti ọkọ ẹ̀ ti gba Ìsìláàmù, wọ́n ń bá àwọn Mùsùlùmí ṣí lọ sí Mọdíná, ó ti wà lórí ràkúnmí pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, làwọn ará ilé ẹ̀ bá já okùn ràkúnmí gbà lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n ní kó máa lọ, ọmọbìnrin àwọn ò bá a lọ. Inú bí àwọn ará ilé ọkọ, wọ́n ní àwọn náà ò ní fi ọmọ àwọn sílẹ̀ fún wọn, ni wọ́n bá ń fa ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí apá ẹ̀ fi yẹ̀. Ọkọ lọ Mọdíná, ọmọ lọ ilé bàbá ẹ̀, ìyá kù sí Mẹ́kà, àràárọ̀ ló ń lọ jókòó síta tó ń sunkún dalẹ́, ó tó bí ọdún kan kí wọ́n tó ṣàánú ẹ̀.

Wọ́n dá ọmọ padà fún un, òun nìkan gbéra. Uthman ibn Talha, ọkùnrin Mẹ́kà kan, pàdé ẹ̀ lọ́nà, kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà yẹn o, ó sì sìn ín dé ẹ̀bá Mọdíná. Tí wọ́n bá ti fẹ́ sinmi, á mú ràkúnmí kúnlẹ̀, á wá kúrò níbẹ̀ kí obìnrin yẹn tó sọ̀kalẹ̀. Ọmọlúàbí!

Wọ́n pa Abu Jahl lójú ogun Badr, níbi tí Kùráéṣì ti bá àwọn Mùsùlùmí jà, lọ́dún 624. Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ogun Uhud, Khalid ló ṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin Kùráéṣì, ọgbẹ́ ogun yẹn ló sì padà pa ọkọ Umm Salama. Ànábì ló wá fẹ́ Umm Salama. Khalid náà gba Ìsìláàmù ní 629, Ikrima ọmọ Abu Jahl gan-an tẹ̀lé e lẹ́yìn tí wọ́n gba Mẹ́kà ní 630, ojú ogun ní Ṣáàmù, ìyẹn agbègbè Síríà, ló kú sí.

Rùkáyá, tí mo bá ti ń pọn ọmọ mi báyìí, apá ọmọ Umm Salama yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Pè mí lọ́jọ́ Sátidé, jọ̀ọ́. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìẹ,
Mùínà